Ètò họ́lídé fún àwọn ọmọ àdúgbò l'Óṣogbo: báwo la ṣe máa dáwó, kí la sì máa rà?

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ onílé wa ní apá Òkè-Fìà ti fẹnu kò pé a fẹ́ ṣe ètò họ́lídé fún àwọn ọmọ àdúgbò: ọ̀sẹ̀ 4, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aago 8 àárọ̀ sí 12. Ọmọ bí 40, láti ọdún 7 sí 14. Bọ́ọ̀lù, tẹ́nìsì orí tábìlì, àdìrẹ àti ìlù ló wà lọ́kàn wa. A ò retí ìjọba, àwa náà la máa dá owó rẹ̀. Ilé 60 ni wá. Kí la kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì máa ń ba irú ètò báyìí jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ iye nǹkan, ẹ má kàn sọ pé "ẹ ra bọ́ọ̀lù".

Akápò_Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, owó ni ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ilé 60 kì í mú owó ilé 60 wá. Ká ní ẹ bu ₦5,000 lé ilé kọ̀ọ̀kan, orí ìwé ni ₦300,000 wà. Ẹ fi ₦200,000 gbé ètò kalẹ̀. Bí ìyókù bá dé, ẹ dúpẹ́. Èyí tó ti wọ àkáǹtì nìkan ni kí ẹ ná. Ìlérí kì í ra bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta láti oṣù kẹrin: ₦2,000, ₦2,000, ₦1,000. Ẹni tí kò lè yọ ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan á rí ₦2,000 yọ. Kí gbogbo rẹ̀ parí kí oṣù kẹfà tó tán, torí bí oṣù keje bá ti wọlé, owó ìdánwò àti páátì ìparí ọdún ilé ìwé á ti gbọ́n àpò àwọn òbí gbẹ.

Kì í ṣe inú àkáǹtì alága lowó ń gbé, kì í sì í ṣe inú ti akápò. Ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Kí abuwọ́lùwé jẹ́ ẹni 3, kí ẹni 2 nínú wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde. Ọ̀pọ̀ báńkì á béèrè ìwé CAC (ìwé tó fi hàn pé ẹgbẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba), ìwé òfin ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn abuwọ́lùwé, àti BVN pẹ̀lú NIN wọn. Ó ń pẹ́, ẹ ti parí rẹ̀ kí oṣù kẹrin tó dé. Bí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ti ní àkáǹtì sọ ọ́ kí wọ́n bá yín gba owó náà sọ́tọ̀, kó sì wà nínú ìwé.

Ẹni tó ń tọ́jú owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń lọ sọ́jà. Lálaalẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbé ìlà 3 sórí WhatsApp àdúgbò: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù, pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ti san. Ẹ má kọ ti àwọn tí kò tíì san o, ìyẹn kì í mú owó wá, ẹjọ́ ló ń mú wá.

Bí ẹ ṣe lè pín in: nínú ₦10, ₦4 fún àwọn olùkọ́, ₦2 fún omi àti oúnjẹ, ₦2 fún irinṣẹ́, ₦1 fún àpótí ìtọ́jú àti owó ọkọ̀ pàjáwìrì, ₦1 tó kù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Káfíńtà, télọ̀ àti ẹni tó ń ta omi lè má ní owó lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n ní iṣẹ́. Ẹ gba iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé bí owó. Fún àwọn ọmọ àdúgbò tó wà l'Ékòó àti lókè òkun, ẹ má sọ pé "ẹ ràn wá lọ́wọ́". Ẹ sọ pé "tábìlì kan rèé, iye rẹ̀ rèé, ẹ bá wa rà á".

Olóṣèlú á dé. Ẹ gba owó rẹ̀ bí ilé kan nínú 60, pẹ̀lú rìsíìtì. Bí òun nìkan bá gbé gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tí ìbò bá parí ni ètò náà parí.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ẹ má tíì kéde aago 8 sí 12 yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lọ lẹ́sìn sọ́mà, àwọn kan ń lọ sí ilé kéú, àwọn tó ti tó ọdún 12 wà lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ní ìsọ̀ ìyá wọn lọ́jà. Bí ìdajì wọn bá ní lẹ́sìn, aago 3 sí 6 ìrọ̀lẹ́ ló máa bá yín mu. Ìwé kékeré tí òbí á kọ wákàtí tí ọmọ rẹ̀ fi ń ráyè sí ti tó, ọjọ́ 2 ni ẹ máa fi gbà á.

Ní ti pápá: lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé nìkan kò tó. Bó bá jẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ rí i dájú bóyá abẹ́ Òṣogbo lẹ wà tàbí abẹ́ Ọlọ́rundá tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìgbọ̀nà. Àdúgbò méjì tó kọjú síra lè má sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, lẹ́tà tó bá sì ṣìnà lè lo ọ̀sẹ̀ 3 lórí tábìlì ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye ọmọ, orúkọ àgbàlagbà tó máa wà níbẹ̀, ẹni tó máa gbá ilẹ̀, àti ẹni tó máa san án bí fèrèsé bá fọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń mú kí wọ́n tètè fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún Baálẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Òjò máa ń dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án ló tún máa ń ya. Oṣù kẹjọ yẹn náà ni ọdún Ọ̀ṣun, Ọjọ́ Ẹtì sì ni ọjọ́ Arugbá, tí ọkọ̀ kì í rọ́nà kọjá. Ẹ ò ní ètò lọ́jọ́ Ẹtì, ìyẹn ti yọ yín.

Kóòṣì_Kẹ́lẹ́bẹ̀

Ọmọ 40 kò gbọdọ̀ wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín wọn: 7 sí 9, 10 sí 11, 12 sí 14. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà lórí pápá, kí èkejì wà nídìí àdìrẹ tàbí ìlù. Ọmọ 7 tí ẹ bá kó pọ̀ mọ́ ọmọ 14 á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kò ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù kan fún ọmọ 2. Bí ọmọ 20 bá ni tó pọ̀ jù lórí pápá, ẹ ra 10: sáìsì 4 méje fún àwọn tí kò tíì kọjá ọdún 12, sáìsì 5 mẹ́ta fún àwọn àgbà wọn. Bọ́ọ̀lù ńlá ló ń mú kí ọmọ kékeré máa fi orí ìka gbá a, tí kò fi ní mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbá a. Abẹ́rẹ́ pọ́ńpù: ẹ ra 5, torí wọ́n máa ń kán, kí ẹ sì fi omi díẹ̀ pa á kó tó wọlé. Bó bá wọlé ní gbígbẹ, á fa rọ́bà inú rẹ̀ ya. Bọ́ọ̀lù á máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ má ra kóònù. Ẹ gé ìgò oníke, ẹ da yanrìn sí i dé ìdajì, 20 ti tó. Kí télọ̀ fi aṣọ tó ṣẹ́kù rán bíìbù (ẹ̀wù pélébé tí a fi ń mọ ẹgbẹ́ yàtọ̀) àwọ̀ 2, mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ohun tó léwu jù níbẹ̀ ni góòlù onírin tí wọn kò rì mọ́lẹ̀. Ọmọ á fà rọ̀ sórí ọ̀pá òkè, góòlù á dojú dé, ó sì ti pa ọmọ rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àpò yanrìn 2 lórí irin ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so ó pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá rí ṣe, ìgò yanrìn 2 ni kí ẹ fi ṣe góòlù.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ti tó: ìṣẹ́jú 10 fún ìnara, 20 fún bọ́ọ̀lù ẹni 2, 10 fún omi àti ìsinmi, 30 fún bọ́ọ̀lù kékeré 5 sí 5, ìṣẹ́jú 5 fún kíkó nǹkan nílẹ̀. Àwọn ọmọ ni kó kó o o. Ẹ ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní wákàtí tí kò ní yí padà. Bí ẹ bá fi wọ́n sínú "gbogbo wa la jọ ń ṣe é", ọ̀sẹ̀ kejì kò ní bá ọmọbìnrin kankan lórí pápá. Ẹni tó bá wọ híjáàbù lè fi gbá bọ́ọ̀lù, bíi pínnì nìkan ni kó yọ.

Káfíńtà_Aláyè

Tábìlì: kò pọn dandan kí ẹ ra èyí tó dé láti òkèèrè. Ẹsẹ̀ 9 sí ẹsẹ̀ 5 ni tábìlì gidi, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 76, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga ní 15.25. Bọ́ọ̀dù páláńkì tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ ẹsẹ̀ 8 sí 4, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ti ń ṣàṣìṣe. Ìdajì tábìlì jẹ́ ẹsẹ̀ 5 sí ẹsẹ̀ 4 àbọ̀, bọ́ọ̀dù kan kò lè fún yín lódindi. Ẹ gé ẹsẹ̀ 5 sí 4, kí ẹ sì fi àjákù fífẹ̀ ínṣì 6 kún un. Apá nẹ́ẹ̀tì ni kí àlẹ̀pọ̀ yẹn wà, kò gbọdọ̀ wà létí tí ọmọ dúró sí, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń balẹ̀ jù. Ẹ kan igi sábẹ́ àlẹ̀pọ̀ náà látòkè délẹ̀.

Nínípọn ¾ ínṣì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó ti dáa tó, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 30: ó yẹ kó ta dé bíi 23, ní gbogbo ojú rẹ̀. Níbi tí kò bá ti ta tó bẹ́ẹ̀, igi ìsàlẹ̀ kò mú un dáadáa. Ọ̀dà tó ń dán kò dáa, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta sójú. Ọ̀dà aláìdán, àwọ̀ ewé tàbí búlúù tó ṣú. Fún ọmọ 7 sí 9, ẹ má wulẹ̀ ge rárá, bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ 8 sí 4 lódindi lórí bẹ́ǹṣì 2 ti tó wọn kọ́ ọwọ́.

Ìyá_Ọlọ́jà

Ẹ̀yin ọmọ mi, jẹ́sì dà? Bí àwọn ọmọ kò bá wọ aṣọ kan náà, báwo ni ẹni tó dáwó ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń lọ?

Akápò_Ayétòrò

Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, jẹ́sì 40 á gba owó olùkọ́ jẹ. Bánà, kánópì àti jẹ́sì ni ètò àdúgbò fi ń kú lọ́sẹ̀ kejì: fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ á dùn, ọjọ́ kẹwàá kò ní sí ẹni tó ń kọ́ wọn. Kí aṣọ tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn pa láró jẹ́ aṣọ ìparí. Ẹni tó dáwó á rí i lọ́rùn ọmọ rẹ̀.

Aláró_ÌsàlẹỌ̀ṣun

Akápò, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ti yẹ, ìlú aró la wà.

Aṣọ: òwú gidi. Aṣọ rọ́bà kò ní gba aró. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ kí ẹ tó ra, ẹ tan iná sí i: òwú á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀, bó bá yọ́ tó dì bíi ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ìdajì yáàdì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, yáàdì 20 fún 40, kí ẹ fi yáàdì 3 kún un fún ìdánrawò. Ẹ fọ̀ ọ́ kí èròjà líle tí ilé iṣẹ́ fi sí i kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aró á mú níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún.

Ọmọ 7 sí 9: oníko. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso, iko tàbí òwú líle, kí wọ́n so ó le. Ọmọ 10 sí 14: ẹlẹ́kọ. Láfún àti omi, álọ́ọ̀mù díẹ̀, ẹ rò ó lórí iná títí á fi ki ju ògì lọ. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ fa ilà kan: bí ilà bá dúró níbi tí ẹ fà á sí, ó ti tó, bó bá ń tàn, ẹ tún un rò. Kó gbẹ dáadáa, ìyẹn lè gba ju ọjọ́ kan lọ lásìkò òjò, nítorí náà Ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n yàwòrán, Ọjọ́rú ni kí ẹ rẹ ẹ́. Ẹ má fi ìda gbígbóná kọ́ ọmọdé, ó lè jó wọn.

Kọ́sítíìkì, sódà líle tí à ń pò mọ́ aró, ni ibi tí ọmọ kì í dé. Àgbàlagbà nìkan, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbọ̀nwọ́, awò ojú, ìta gbangba. Kọ́sítíìkì ni ẹ ń dà sínú omi, ẹ má da omi lé e lórí láéláé, á ta jáde sí yín lójú. Abọ́ oníke ni, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ́mù, torí kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná. Bó bá kan ara, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe òróǹbó wẹ́wẹ́ o.

Àwọn ọmọ á dúró níbi tí wọ́n ti lè wò ó. Nígbà tí aṣọ bá jáde nínú aró, á dàbí ewé tútù, wọ́n á pariwo pé ó ti bàjẹ́. Ẹ so ó sókè: atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú wọn. Ẹ rì í lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún, kí ẹ máa jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn láàárín, kí ẹ má sì fún un, ẹ̀kọ á bó. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó ha ẹ̀kọ náà kúrò.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ má ra dùndún lódindi. Owó ìlù kan á san olùkọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ bá agbo ilé Àyàn kan sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kó ìlù wọn bọ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa kọ́ wọn, kí ẹ máa san án lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ìparí. Ọmọ 10 fún olùkọ́ 1. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àtẹ́wọ́ ni, kí eré kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lára. Gúdúgúdú tẹ̀lé e, torí kò ní kí wọ́n fún osán. Gángan gbẹ̀yìn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbá gángan mú á fún osán títí á fi já. Òjò máa ń mú kí awọ rọ̀. Oòrùn díẹ̀ ni, ẹ má gbé e sún mọ́ iná.

Ìyá_Ọlọ́jà

Ẹ ṣeun, mo ti gbọ́ ti jẹ́sì. Oúnjẹ ńkọ́? Ọmọ 40 àti àgbà 6: ìrẹsì kóńgò 3 ti tó fún ọjọ́ kan. Krétì ẹyin kan 30 ni, nítorí náà krétì kan àbọ̀ jẹ́ ẹyin 45, ẹyin kan ni ẹ ó tún rà kún un. Ẹ se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó kù kí ọmọ gbé tirẹ̀ wá. Omi kò ṣe é dín o: píọ́wọ́tà 2 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ jẹ́ 80, ìyẹn báàgì 4 tó ní 20 nínú. Ẹ fi 1 kún un fún àgbà àti fífọ ọgbẹ́. Báàgì 5 fún ọjọ́ 16, báàgì 80. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó máa gbé e wá lójoojúmọ́, kó má sá a sí oòrùn.

Ṣùgbọ́n kí òbí san nǹkan. ₦500 lọ́sẹ̀. Ohun ọ̀fẹ́, wọn kì í kà á sí.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ìyá, ọmọ tí a torí rẹ̀ ṣe é gan-an ni ₦500 yẹn máa lé padà. Òbí tó dá owó ilé ti san tẹ́lẹ̀ náà.

Ìyá_Ọlọ́jà

Ẹni tí kò ní kó wá bá wa dáná, tàbí kó gbá pápá. Owó náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Adúgbò

Ẹ máa gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó wọlé: nọ́ńbà fóònù 2, àìsàn, oògùn, ohun tí kì í bá a lára mu. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè wá, àmọ́ kó máa mu omi ṣáájú àwọn tó kù, kó sinmi nígbà tó bá fẹ́, kí òjò má pa á. Ìdílé ń tijú láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n níkọ̀kọ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí ohun tó ń fà símú wà lọ́wọ́ kóòṣì, kì í ṣe nínú báàgì ní kíláàsì.

Àṣà mẹ́ta tó yẹ kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ imú: ẹ má gbé orí ọmọ sẹ́yìn. Kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kí ẹ fún ibi rírọ̀ imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìtú u wò. Wárápá tàbí gìrì: ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn. Ẹni tó fi orí gbá orí: kò ní padà sórí pápá lọ́jọ́ yẹn, bó tiẹ̀ ní òun ti dá.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ: píọ́wọ́tà 2 tó jẹ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má fojú dá iyọ̀ náà.

Àgbàlagbà 2 ni kó máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà gbogbo, kò sí ẹni tó ń dá mú ọmọ kan wọ yàrá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè wá mú ọmọ lọ sílé. Kí ọlọ́kọ̀ kọ́ròpẹ kan wà tí ẹ ti bá ṣe àdéhùn ṣáájú pé bí ẹ bá pè é, ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíarò ló ń lọ.

Aláró_ÌsàlẹỌ̀ṣun

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún. Ẹ fi ìwé béèrè lọ́wọ́ òbí, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á kó ní nǹkan mìíràn tó máa ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé pẹ́ńsù àti ìwé lọ kí wọ́n ya ère, èyí tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àti Adébísí Àkànjí fi símẹ́ńtì mọ kì í sú ọmọ. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀. Kí wọ́n má sún mọ́ omi, kí wọ́n má sì mu ún: iṣẹ́ góòlù apá Ìjẹ̀ṣà ti sọ odò náà di pupa rúsúrúsú.

Àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 4 kéré. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí ayàwòrán Georgina Beier ṣe l'Óṣogbo ní 1964 kò pẹ́ títí, ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti jáde. Àmọ́ wọ́n rí àyè àti irinṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti máa bá a lọ.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù: lẹ́yìn họ́lídé, ta ló ń tọ́jú bọ́ọ̀lù àti tábìlì? Inú ilé alága ni wọ́n máa ń wọ̀.

Kóòṣì_Kẹ́lẹ́bẹ̀

Ẹ má kó o sílé ẹnikẹ́ni. Ẹ tọrọ yàrá kékeré kan ní ilé ìwé náà, kọ́kọ́rọ́ 2, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sára bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kí ìwé wà lẹ́nu ọ̀nà: nọ́ńbà, ẹni tó gbé e, aago tó dá a padà. Ẹ tú afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù díẹ̀ kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ẹ gbé tábìlì ró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, torí bọ́ọ̀dù tó bá kan ilẹ̀ tútù á wú. Kí ẹ sì máa ṣí yàrá náà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa fi mọ̀ bí èkúté bá ti wọlé síbi bíìbù.